Ìyá Ọkọ Nínú Àpò Alágbàtọ́

Ọwọ́ irin méjì gbé ìyá ọkọ Ìbídùn kúrò lórí àga rẹ̀, wọ́n sì ń rọra kì í sínú àpò bí ẹni ń ká aṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògì gbígbóná wà níwájú àga mìíràn tó ṣófo, ohùn dídùn kan sì ń wí pé, “Ẹ káàárọ̀, Ìyá Wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún kó tó tutù.”

“Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?” ni ìyá náà ké láti inú àpò. “Èmi rèé!”

Ní Òkè-Ìràwọ̀, ìlú tó léfòó sókè ayé, kò sí ilé tí kò ní Alágbàtọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ṣe nǹkan á kọ ètò rẹ̀ ní èdè ènìyàn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ á lọ̀ ọ́ kúnná, títí ẹ̀rọ á fi lè gbé e mì. Alágbàtọ́ á wá gbà á tọ́ bí ọmọ: á fún un lágbára, á ṣọ́ ọ kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe, á sì máa gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ètò náà, ohun ẹlẹ́mìí tó bá mọ́jú nínú ilé tí a kò pè lórúkọ, pàǹtí ni lójú rẹ̀. Inú àpò ló ń lọ, àpò á sì gba ihò ààtàn bọ́ sí òfuurufú.

Ètò àkọ́kọ́ tí Ìbídùn kọ láyé rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: bí ilẹ̀ bá mọ́, gbọ́ àwọn tí mo bá pè; kí wọn; gbé ògì fún wọn. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí òṣùpá, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Ìṣọ̀lá, kì í sì í jẹ́ kó sùn. Ọlọ lọ ètò náà láìkùn. Ní òwúrọ̀ yìí, Ìbídùn pe Ìṣọ̀lá, ó sì pe Ìyá Wa. Kí ni ìyàwó ilé á tún pe ìyá ọkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n Alágbàtọ́ kò rí Ìyá Wa kankan nínú ìwé ìlú. Ó dá ẹni tuntun sílẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé ògì fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ọláìtán, ẹnjiníà àdúgbò, gbọ́ igbe ìyá náà, ó sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. “Ẹ tètè pè wọ́n lórúkọ tí wọ́n fi wọ̀lú!”

“Háà! Èmi ìyàwó?”

“Kò gbọdọ̀ dán an wò!” Orí ìyá náà nìkan ló kù níta. “Ìyàwó tí mo fẹ́ fọ́mọ mi ni yóò máa pè mí bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìwọ ẹnjiníà, pè mí!”

“Màmá, ohùn ẹni tó ni ètò nìkan ló ń gbà.”

“Èmi náà ni mo ni orúkọ mi! Alágbàtọ́, Ọyabùnmi rèé!”

“Ẹ má bínú,” ni Alágbàtọ́ fèsì. “Ohun tó bá ń pe ara rẹ̀ nìkan, kò sẹ́ni tó ń pè é.”

Ihò ààtàn là. Ìṣọ̀lá ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìbídùn rántí ọwọ́ tó wẹ ọmọ yìí nígbà tí òun kò lè dìde. Ó kúnlẹ̀, ó dijú.

“Ọyabùnmi!”

Ọwọ́ irin dúró. Àpò tú.

Ariwo náà ti kó àwọn aládùúgbò dé ẹnu ọ̀nà. “Ta ló pe màmá lórúkọ gbangba báyẹn?” ni ọ̀kan bèèrè. “Ìyàwó yìí kọ́ o!”

Ìbídùn kò lè gbójú sókè.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tún gèlè rẹ̀ wé. “Èmi ni mo ní kó pè mí. Ṣé ẹnu yín ló fi pè mí ni?”

Wọ́n túká. Ìbídùn kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ìyá náà rí.

Ọláìtán wúkọ́. “Màmá, lọ́la ńkọ́? Ètò tí Alágbàtọ́ bá ti gbà tọ́, ọdún á yí kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àràárọ̀ ló sì ń gbálẹ̀.”

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Ìbídùn á ti ilẹ̀kùn, á kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ á gbé Ìṣọ̀lá lé ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ náà, á ní, “Ó yá, sọ ọ́ kíákíá, kó má baà kọ́ ọ.”