Támpọ́ọ̀nù Tí Tọ́ọ̀ṣì Kò Rántí

"Ṣé o ń wẹ̀ ni, àbí o ń kọ́ ilé ìwẹ̀ míì síbẹ̀?"

Aránṣọ gbá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Aago méje ti kọjá. Oníbàárà ń bọ̀ wá gba aṣọ ní aago mẹ́jọ, aránṣọ fúnra rẹ̀ kò sì tíì bọ́jú.

Ohùn àbúrò rẹ̀ jáde láti inú ilé ìwẹ̀, ó kéré bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ àwo.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú púláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wà nínú báàgì irinṣẹ́ mi wá."

"Púláyà? Ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo bàjẹ́."

Aránṣọ mú púláyà wá, ilẹ̀kùn sì ṣí. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó fi aṣọ ìnura wé ara. Tọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì, tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì á máa tú bóòtù, eyín á sì di iná mú.

Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kó pẹ́ nílé. Ní aago mẹ́wàá, Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kó dá ẹ́ńjìnnì odindi tò, kó sì dé e lójú gbogbo ènìyàn. Ọdún méjì ló ti ń dúró de ọjọ́ náà. Bó bá ṣe é dáadáa, ó kúrò ní ọmọ iṣẹ́.

"Àǹtí, mi ò rántí bóyá mo yọ ti àná."

"Kí ni ti àná?"

"Támpọ́ọ̀nù."

Nǹkan oṣù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Támpọ́ọ̀nù ló yàn, ìyẹn òwú tí wọ́n dì bí ìka ọwọ́, tí obìnrin máa ń fi sí ojú ara kó lè fa ẹ̀jẹ̀, tó ní okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń fà á jáde. Bí Tọ́ọ̀ṣì bá ń fi ẹ̀yìn wọ́ lábẹ́ bọ́ọ̀sì nínú ofarọ́ọ̀lù, aṣọ iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì, páàdì kì í dúró sójú kan. Támpọ́ọ̀nù kì í yọ ọ́ lẹ́nu rárá.

"Mo fi ọ̀kan sí i ní aago méjì ọ̀sán àná ní gáréèjì," ó ṣàlàyé. "Mo fi òmíràn sí i ní aago mẹ́wàá kí n tó sùn. Mo yọ ọ̀kan ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sán yẹn, mi ò rántí pé mo yọ ọ́ rárá. Wọ́n ń pè mí pé bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé ti fẹ́ lọ, mo kàn sáré bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni."

"Okùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rí okùn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú púláyà wá nìyẹn."

Aránṣọ yára fi púláyà pamọ́ sẹ́yìn. "Èyí tí o fi fa ìṣó nínú táyà lánàá? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Màá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni o."

"Fọ ẹnu rẹ dákẹ́ jàre!"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba aránṣọ gan-an. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ ohùn kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan ń pariwo níbẹ̀: "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ o! Támpọ́ọ̀nù ń gòkè lọ bá ọkàn! Bó bá ti wọlé, ó parí! Ẹ fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn!"

"Ṣé o gbọ́? Mo fi ránṣẹ́ sí ọ!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, Àǹtí."

"O ò sì gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀!"

Tọ́ọ̀ṣì na ọwọ́ mú páálí támpọ́ọ̀nù, ó da èyí tó kù sórí itan, ó ń kà á. Mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀ nígbà tó rà á. Mẹ́wàá ló kù. Ó tún un kà. Mẹ́wàá náà ni.

"Mo ti lo mẹ́fà," ó ní. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó sì tún fà ro. "Kò wúlò. Iye tó wọlé nìyẹn. Kò sọ iye tó jáde."

Ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní gáréèjì wọn, pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Bí o bá mú sípánà kúrò, àwòrán rẹ̀ á hàn funfun. Bí o bá dá a padà, á bò ó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé ẹ́ńjìnnì bí funfun kan bá ṣì ń hàn, torí ó lè jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ni irinṣẹ́ náà wà. Ọ̀gá wọn kì í gba "mo rántí pé mo yọ ọ́." Ohun tó máa ń sọ ni pé: "Má bi orí rẹ. Bi pátákó."

Ara tirẹ̀ kò sì ní pátákó.

"Dìde, wọ aṣọ," ni aránṣọ sọ. "A ń lọ bá nọ́ọ̀sì. Oníbàárà á dúró."

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú nítòsí jẹ́ obìnrin àgbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ àlàyé wọn tán, kò sì pòṣé. Ó wọn ìgbóná ara Tọ́ọ̀ṣì, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé o bì? Ṣé o ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru? Òòyì ńkọ́? Iṣan ríro? Ṣé ara rẹ pọ́n níbì kan bí ìgbà tí oòrùn jó ènìyàn?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rù nìkan ló ń bà mí."

"Mélòó lo rò pé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O káre. Àwọn tó máa ń sọ pé ó dá àwọn lójú ló máa ń fún mi níṣẹ́ ṣe."

Ó fa aṣọ ìkélé, ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́. "Mí sínú. Mí síta. Má fún ara pọ̀." Kò tó ìṣẹ́jú méjì. "Òun rèé. Ti ọ̀sán ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè. Èyí tí o fi sí i lálẹ́ ló tì í, ló fi ká okùn rẹ̀ mọ́ ọn."

Tọ́ọ̀ṣì mí kanlẹ̀. Aránṣọ tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀yin, ta lẹ ń sunkún fún báyìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Mà, wọ́n ní ó ń gòkè lọ bá ọkàn ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin kan nínú fóònù ni."

"Ṣé ó ti lò ó rí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ láàárín ẹkún. Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ wọn.

"Kò sí ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀. Lókè ojú ara ni ẹnu ilé ọmọ wà. Ihò tó wà lẹ́nu rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ̀jẹ̀ lè gbà á kọjá, támpọ́ọ̀nù kò lè gbà á."

Aránṣọ nu ojú. "Bí àpò ṣòkòtò, àbí? Ọwọ́ máa wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán ìdí àpò pa."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nǹkan lè fara pamọ́ sínú àpò, ṣùgbọ́n kò lè sọnù síbẹ̀."

"Àìsàn tó ń pani tí wọ́n ní támpọ́ọ̀nù ń fà wá ńkọ́, mà?" Tọ́ọ̀ṣì ló béèrè. "Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. TSS ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sì ń ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà mìíràn ó máa ń tu oró sínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè ṣe ọkùnrin, ó lè ṣe ọmọdé tó ní egbò tàbí tí iná jó. Ó léwu, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì fojú rí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá tètè gbé e wá, ó ní ìtọ́jú. Ìwọ, irú èwo lò ń lò?"

Tọ́ọ̀ṣì fi páálí hàn án. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó gbójú sókè. "Èyí tó nípọn jù lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò pọ̀, mà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó bá nípọn ló máa ń pẹ́ kó tó jò. Mo rò pé màá lè fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìjáde."

"Ìwọ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ọmọ mi. Èyí tó tinrín jù tó sì tó ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí o lò. Èyí tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ máa ń gbẹ ojú ara, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ. Ti ọ̀sán àná yìí ti ju wákàtí méjìdínlógún lọ."

Ó ní kó lo páàdì fún ìyókù nǹkan oṣù yìí, kó sì máa ṣọ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. "Bí ara rẹ bá gbóná lójijì, tí o sì ń bì, tàbí tí ara rẹ pọ́n, má sọ pé o fẹ́ parí iṣẹ́. Máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí o sì sọ fún wọn pé támpọ́ọ̀nù pẹ́ lára rẹ."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni Tọ́ọ̀ṣì wọ gáréèjì. Ó to ẹ́ńjìnnì náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́, ó na ọwọ́ sí ìdérí rẹ̀.

"Kí ló ṣì wà nínú rẹ̀?" ni Ọ̀gá bi í.

Ó ti fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó dá a lójú pé ó ti yọ gbogbo rẹ̀. Ó dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn wo pátákó. Funfun kékeré kan ń hàn nísàlẹ̀, àwòrán sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá.

Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó tẹ̀ ba. Sípánà náà wà nínú ibẹ̀, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yọ ọ́, ó gbé e kọ́ sí ààyè rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan mọ́, sà."

Ọ̀gá wo pátákó, ó wo ojú rẹ̀. "Dé e, mẹkáníìkì."

Nígbà tó délé, ó ju wáṣà kékeré kan tó ń dán, òrùka irin tí wọ́n ń fi sábẹ́ bóòtù, sínú páálí támpọ́ọ̀nù. Aránṣọ béèrè ohun tó wà fún.

"Pátákó mi nìyẹn. Lóṣù tó ń bọ̀, bí mo bá fi ọ̀kan sí i, wáṣà á bọ́ sí àpò àyà mi. Bí mo bá yọ ọ́, á padà sínú páálí. Màá sì yí aago fóònù mi sí wákàtí mẹ́fà."

"Fóònù! Jẹ́ kí n tètè pa ohùn ọkùnrin yẹn rẹ́."

"Àti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, Àǹtí."

Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo támpọ́ọ̀nù, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìrántí nìkan. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi sí i àti lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù nìkan. Èyí tó tinrín jù tó sì tó ẹ̀jẹ̀ yín ni kí ẹ lò, kó má sì ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Bí oorun yín bá máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo páàdì sùn. Bí ẹ kò bá rí okùn, ẹ lóṣòó, ẹ fi ìka tó mọ́ wá a jẹ́jẹ́. Bí kò bá jáde, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ má fi irinṣẹ́ kankan kàn án. Ẹni tí TSS bá ti ṣe rí, kó má lò ó mọ́. Bí ibà òjijì, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì tàbí ara pípọ́n bá sì dé nígbà tí támpọ́ọ̀nù wà lára yín, tàbí láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ ọ́ bó bá ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní wákàtí yẹn gan-an.

Ẹ wá wáṣà tiyín, ohunkóhun tó bá wù kó jẹ́. Bí ẹnì kan bá sì bi yín pé kí ló ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó dáhùn.