Báìkì Pupa Tí Ridwanullah Fẹ́ Rà

Ẹ jẹ́ ká gbà fáwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan: pọ́wà báìkì, alùpùpù ńlá tó ń sáré bí ìjì, rẹwà. Ẹni tó bá ní kò wu òun rí, bóyá kò tíì rí èyí tó mọ́ dáadáa ni. Nítorí náà, nígbà tí Ridwanullah, ọmọ ọdún méjìlélógún, jí láàárọ̀ Sátidé tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ má bá a wí. Àwòrán báìkì pupa kan ló wà lórí fóònù rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ tà á ní owó pọ́ọ́kú ní Ibido, níhìn-ín nínú Ṣàgámù.

Ìyá rẹ̀, Kàdíjátù, tó ń ṣòwò obì, wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ridwan gbé fóònù síwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ wò ó ná."

"Mo ti rí i. Ó jọ eṣú tó fẹ́ fò."

"Háà, Màámi!"

"Ṣé alùpùpù tí o fi ń kó obì lọ sí Ìlárá ò rìn mọ́ ni?"

"Ó ń rìn. Ti iṣẹ́ nìyẹn. Èyí, ti ọkàn mi ni."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tó ń jí ṣiṣẹ́, tí kì í mutí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú owó, kí lèèyàn fẹ́ wí fún un? Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún: kó mú Bánkẹ́ dání.

Bánkẹ́ ni àbúrò bàbá Ridwan. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, báìkì ńlá lòun fúnra rẹ̀ sì ń gùn lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti ń kọjá pẹ̀lú akoto lórí, àwọn ọmọ iléèwé á máa pariwo "Àǹtí Báìkì!" títí wọn ò fi ní rí i mọ́. Inú Ridwan dùn pé ẹni tó mọyì nǹkan ló ń bá òun lọ.

Ẹni tó ń ta báìkì náà ń jẹ́ Kàbírù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀yàyà sì kún ẹnu rẹ̀. Aishat, ìyàwó rẹ̀, tí oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù keje, gbé omi tútù wá fún àwọn àlejò kí wọ́n tó jókòó.

"Òun ló ní kí n tà á," Kàbírù wí, ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ó ní ẹni tó fẹ́ di bàbá ò gbọdọ̀ máa gun èyí. Owó tá a fẹ́ fi ra mọ́tò la fẹ́ fi owó ẹ̀ kún. Ìdí tí mo fi fẹ́ tà á wàràwàrà nìyẹn, àbúrò. Tó o bá ti sanwó, máa gbé e lọ."

Ó ká aṣọ tí wọ́n fi bò ó kúrò.

Áà! Báìkì náà pupa fòò, ó ń dán yinrin. Kàbírù ṣáná sí i, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀. Nígbà tó wá fa iná díẹ̀, ó han gooro, gbogbo adìyẹ inú àgbàlá sì sá wọ ẹ̀yìnkùlé. Ridwan gùn ún, ó di hándù mú, ó tẹ̀ síwájú bí àwọn tó máa ń wò lórí fóònù. Ayé dùn mọ́ ọn débi pé kò mọ ìgbà tó yọ fóònù láti fi owó ránṣẹ́.

"Ó rẹwà," Àǹtí Bánkẹ́ wí. "Irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ridwan, kí lẹ máa ń ṣe sí agbọ̀n obì kẹ́ ẹ tó sanwó?"

Ìbéèrè náà ṣe é ní kàyéfì. "A máa ń dà á sílẹ̀ ni."

"Kí ló dé? Ṣé èyí tó wà lókè agbọ̀n ò dára ni?"

"Tòkè máa ń dára, àǹtí. Èyí tó dára ni wọ́n ń kó sókè. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

"Ó dáa. Da eléyìí náà sílẹ̀."

Ojú ti Ridwan, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ tí kò fojú òkè ra agbọ̀n obì kan rí, òun ló fẹ́ ra irin tó lè sáré ju mọ́tò lọ nítorí ọ̀dà ara rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ tún yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ì bá bínú, tí wọn ì bá ní àǹtí fẹ́ dójú ti àwọn. Ridwan ti fóònù bọ àpò, ó sì kúnlẹ̀ ti báìkì.

"Táyà ẹ̀ ṣì nípọn, àǹtí."

"Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ nínú àmì tó ṣe róbótó. Kà á."

"Méjì, méjì, ọ̀kan, mẹ́rin."

"Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó bá ti gbó tó báyẹn á ti le. Kì í di ilẹ̀ mú mọ́, pàápàá tí òjò bá rọ̀."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o," Kàbírù wí, ó sì jọ pé òótọ́ ló ń sọ.

Wọ́n wo bírèkì, ó ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán. Wọ́n gba ìwé báìkì lọ́wọ́ Kàbírù. Àǹtí Bánkẹ́ ṣàlàyé pé nọ́ńbà inú ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin mu, ní ọrùn báìkì, níbi tí hándù ti wọlé. Bí wọn ò bá bára mu, ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i ni. Wọ́n bára mu. Ridwan mí kanlẹ̀.

Ibẹ̀ lẹlòmíì ì bá dúró sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣa obì láti kékeré kì í gbàgbé iṣẹ́. Ìka Ridwan kọjá lára sítíkà kan tó wà lẹ́bàá nọ́ńbà náà, ó padà síbẹ̀, ó tún padà. Nǹkan kan wú lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣí èyí?"

"Ṣí i. Bó ṣe wà nígbà tí mo rà á nìyẹn."

Ó rọra ká sítíkà náà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa bò ó. Láàárín rẹ̀ gan-an, irin náà ti là, ojú ibi tó là tín-ín-rín bí irun orí, ìpẹtà sì ń yọ níbẹ̀.

Àǹtí Bánkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa.

"Báìkì yìí ti já lulẹ̀ rí kó tó dọ́wọ́ yín. Ọrùn ẹ̀ kán, wọ́n jó o pọ̀, ó sì tún ti ń là. Táyà ṣeé pààrọ̀. Bírèkì ṣeé pààrọ̀. Èyí ńkọ́? Kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, lórí eré, ẹsẹ̀ iwájú á já kúrò lára ẹ̀."

Kàbírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àná," ó wí. "Àná ni mo gbé Aishat lọ kí ìyá ẹ̀ ní Ìpẹ̀rú. Orí ẹ̀ náà ni."

Aishat gbé ọwọ́ lé ikùn.

Ìgbà náà gan-an ni fóònù Kàbírù dún. Ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ni, ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti rí àwòrán báìkì. Ó ní òun ò ní ná an rárá, iyekíye tí wọ́n bá pè lòun máa san, kí wọ́n ṣáà dúró de òun.

Owó mọ́tò wọn nìyẹn, ó délé wá bá wọn. Bí Kàbírù bá lẹ sítíkà náà padà, ta ni yóò mọ̀? Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Àbúrò, má wá," ó wí sínú fóònù. "Ọrùn ẹ̀ ti là. Mi ò tà á fẹ́nikẹ́ni mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè tún un ṣe."

"Ìyá ló bí ẹ. Má wá."

Ó pa fóònù. Ridwan, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí báìkì náà, dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Kàbírù. Ó tọ́ sí i.

Lónìí, Ridwan ní báìkì tirẹ̀, kékeré tí kò lágbára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti gba láísẹ́ǹsì, kì í sì í yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láìdé akoto.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí báìkì àlòkù ń wù, a ò ní kó má wù ọ́. Ohun tá a ní ni pé kó o fara balẹ̀, sùúrù la fi ń tú èèrà ká tó rí ìfun inú rẹ̀. Mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Ka ọdún táyà, fi nọ́ńbà ọrùn wé ti inú ìwé, kó o sì yẹ abẹ́ ọ̀dà àti sítíkà wò. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré. Má sanwó níbi tí wọ́n ti ń kán ọ lójú, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ìwọ tó ń tà ńkọ́? Bó o bá mọ àìsàn ọjà rẹ, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó lè pààyàn, má tà á. Ọmọ ẹnì kan ló máa gbé e lọ.