Ọ̀dán Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn

Nígbà kan rí, ọ̀dán ńlá kan wà láàárín ilé Joshua àti ilé Ọládiípọ̀ ní Ayégbajú-Èkìtì. Joshua ló gbìn ín nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ọdún tí Dúrójayé, ọmọ rẹ̀, wà ní ìwé karùn-ún ni igi náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ewé pọ́n, ewé já, ẹ̀ka gbẹ. Kí òjò tó dé, ọ̀dán ti kú.

Ṣáájú ìgbà náà, Dúrójayé ti fi ewé gbígbẹ díẹ̀ dáná sun agbọ́n tó kọ́ ìtẹ́ sí ìdí igi náà, nítorí pé wọ́n ta ìyá rẹ̀. Iná náà kò ju ohun tí a lè fi sun àgbàdo lọ. Ṣùgbọ́n Ọládiípọ̀ pe Joshua sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ rẹ ni kó o bi. Ojú mi ló ṣe tó ń dáná nídìí igi."

Oníbìínú ni Joshua. Ó na ọmọ náà títí ẹgba fi dá. Ó ní ẹni tó bá pa igi bàbá rẹ̀ kò tún ní ìwé kankan láti kà. Bí Dúrójayé ṣe kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Òkè-Àkò kó lọ máa bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ roko. Joshua kú láìgbà pé òótọ́ ni ọmọ òun ń sọ, pé iná rẹ̀ kọ́ ló pa igi náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Dúrójayé bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó ní bí òun bá sunkún, wọn á ní ẹ̀bi ló ń gún òun.

Kò gbàgbé. Ó dàgbà, ó padà wá sí Ayégbajú láti tọ́jú ìyá rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ajé, ṣùgbọ́n kò jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò rí. Bí wọ́n bá pè é síbi ọtí, á ní ẹnu tó pe òun ní apagi kò gbọdọ̀ bu ọtí fún òun.

Lọ́dún 2009, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ní Ọ̀yẹ́, obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìbàdàn pẹ̀lú báàgì ńlá kan.

"Ayégbajú ni mò ń lọ," ó wí. "Ẹ rọra gbé e o, ìwé ló wà níbẹ̀."

Dúrójayé gbé báàgì náà, ó sì kérora. "Ìwé ni àbí búlọ́ọ̀kù?"

"Ìwé ilé kíkọ́ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Búlọ́ọ̀kù ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn Dúrójayé fò sókè díẹ̀, ó sì dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Ayégbajú, tí obìnrin náà na ọwọ́ sí ilé Ọládiípọ̀ pé kó dúró níbẹ̀, ojú Dúrójayé yí padà.

"Ẹ wò ó," obìnrin náà wí, ó ń wò ó dáadáa, "ṣé kì í ṣe Bọ̀dá Dúró nìyí? Ìkẹ́olúwa ni mí! Ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n mí lọ sódò."

"O ti wúwo jù fún pípọ̀n báyìí," Dúrójayé fèsì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ayàwòrán ilé ni Ìkẹ́olúwa ní Ìbàdàn. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kó lè kàwé fún ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Èkó. Ìwé-ẹ̀rí tó ń wá ni ti àwọn tó mọ bí a ṣe ń kọ́lé tí kò ba ayé jẹ́: ilé tí kò jẹ iná jù, tí kì í fi omi ṣòfò, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi. Bó bá tún fìdí rẹmi, ọ̀gá rẹ̀ ti ní òun á gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kò lè kàwé nílé Ọládiípọ̀, bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá nìkan ló wà nílé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo kí fáànù lè máa yí. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kò sí ẹni tó lè jókòó sí pálọ̀. Ni Ìkẹ́olúwa bá ń kó ìwé rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀ tí Ìyá Dúró ń gbé.

"Ṣé ulé baba rẹ kò gbà ọ́ mọ́ ni?" Ìyá Dúró bi í.

"Ó gbóná, Ìyá. Ògiri pálọ̀ ń jóni lọ́wọ́."

"Ẹ̀n?" Etí ìyá àgbà náà ti di díẹ̀.

"Mo ní Ó GBÓNÁ!"

"Ebi ń pa ọ́? Kí ló dé tó ò tètè sọ?" Ìyá Dúró dáhùn, ó sì lọ bu ẹ̀bà fún un. Dúrójayé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Kò pẹ́, òun ló wá ń bi Ìkẹ́olúwa ní ìbéèrè ìdánwò. Àwọn páálí kékeré ni Ìkẹ́olúwa kọ ìbéèrè sí, èdè òyìnbó ni. Dúrójayé á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, á máa kà á bí ẹni tó ń gun òkè.

"Wọ́tà… ẹ… ẹfí…"

"Ẹfíṣẹ́ńsì."

"Kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò kúkú sọ pé 'má fomi ṣòfò'?"

"Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fún mi níwèé-ẹ̀rí?"

Nígbà míràn á gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Ìrè tàbí Ìkọ̀lé, kó lè wo bí àwọn ilé ṣe kọjú sí oòrùn. Ọjọ́ kan ni òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà Ìrè, wọ́n sá sábẹ́ àká oníṣu kan. Níbẹ̀ ni Ìkẹ́olúwa ti ṣíwọ́ pípè é ní Bọ̀dá. "Dúró mi," ó wí, ó sì gbé orí lé e léjìká. Dúrójayé kò lè mira, kí orí náà má baà kúrò níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, páálí kan bèèrè ohun tó dára jù láti fi bo ilé lọ́wọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Igi ni," Ìkẹ́olúwa dáhùn kíá. "Igi ńlá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí igi bá wà níbi ògiri bàbá mi lọ́hùn-ún, wọn ò ní nílò fáànù yẹn."

Dúrójayé fi páálí sílẹ̀. "Igi ti wà níbẹ̀ rí." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí agbọ́n dé orí pósí.

Ìkẹ́olúwa pa ìwé rẹ̀ dé. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ó wí.

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ọjọ́ náà ni Dúrójayé mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Àbúrò bàbá rẹ̀, Múyìwá, ló bá a lọ tọrọ ọmọ. Bàbá Ọládiípọ̀ gbọ́ ọ, ó sì gbọn orí. "Ẹni tó pa igi bàbá tó bí i, ọmọ tèmi ni yóò wá tọ́jú?"

Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, ó ní kò burú: kí Dúrójayé dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kó sì tọrọ àforíjì lórí igi náà, òun á fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Ó ti parí," Múyìwá wí tayọ̀tayọ̀. "Gbólóhùn kan péré! Lọ dọ̀bálẹ̀, kó o gba ìyàwó rẹ."

"Mi ò ní tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe."

"Orí rẹ le bí orí àgbò!"

Ìkẹ́olúwa náà wá bẹ̀ ẹ́. "Ìfẹ́ mi, èmi mọ̀ pé ìwọ kọ́. Sọ ọ́ ṣá, ká máa lọ."

"Ìwọ náà?" Ó dùn ún ju ẹgba bàbá rẹ̀ lọ. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ìkẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ fẹ́ ọ, irọ́ náà ni yóò máa bá wa jẹun."

"Nígbà náà, jókòó ti òótọ́ rẹ, kó o fi ṣaya." Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ sí Èkó lọ ṣe ìdánwò. Kò pè é lórí fóònù. Dúrójayé náà kò pè é.

Ìkẹ́olúwa yege. Ìyá Dúró ló gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀. Inú Dúrójayé dùn, ó sì tún bàjẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Àkò, ó gé ọ̀pá ọ̀dán tútù kan níbẹ̀, ó so ó mọ́ ọ̀kadà, ó sì gbé e wálé. Ó gbé ṣọ́bìrì lọ sí ẹ̀yìn ògiri pálọ̀ Bàbá Ọládiípọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó.

Ibẹ̀ ni Ìkẹ́olúwa, tó ń ti Èkó bọ̀, bá a.

"Kí lò ń ṣe?"

"O ní igi ló yẹ kó wà níbí. Ìwọ lo níwèé-ẹ̀rí."

"Ṣé o ò bínú sí bàbá mi mọ́ ni?"

"Mò ń bínú sí wọn gan-an. Mi ò bínú sí ògiri wọn. Gbogbo Ayégbajú ní ọwọ́ mi ló pa ọ̀dán. Kí wọ́n wá wò ó bóyá ọwọ́ yìí kò lè jẹ́ kí ọ̀dán hù."

Ìkẹ́olúwa gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a di ọ̀pá igi náà mú.

Bàbá Ọládiípọ̀ ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó wo ihò náà, ó wo ọ̀pá ọ̀dán, ó wo àwọn èèyàn tó dúró. Wọ́n rò pé yóò lé Dúrójayé.

"Má gbìn ín síbẹ̀," ó wí.

"Kí ló dé, bàbá?" Dúrójayé bi í.

"Kò ní hù. Sún un síwájú." Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ tọ́ka síwájú. "Bí èyí náà bá kú, wọn á tún ní ìwọ lo pa á."

"Ta ló pa ti àkọ́kọ́?"

Bàbá àgbà náà gbójú sókè wo òrùlé rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tuntun sórí ilé nígbà náà. Ewé igi yín ń bà á jẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń la ìpìlẹ̀ mi. Mo bẹ Joshua kó gé e, ó ní kàkà kóun gé e, kí n ṣí ilé mi kúrò. Mo se omi iyọ̀. Ibi tó o dúró sí yẹn gan-an ni mo ń dà á sí, títí ó fi kú."

"Bàbá!" Ìkẹ́olúwa ké.

Dúrójayé ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀. Ìkẹ́olúwa di apá rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, Ìyá Dúró jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, bàbá," Dúrójayé wí jẹ́jẹ́. "Etí màmá mi ti di."

Bàbá Ọládiípọ̀ ṣí fìlà kúrò lórí. Ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó sì fi gbogbo ohùn tó kù fún un kígbe:

"Ìyá Dúró! Ọmọ rẹ kọ́! Èmi ni mo pa ọ̀dán yín!"