Káfíńtà Tí Òrùlé Ń Bà Lẹ́rù

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná yìí ò ní gbé mi?"

Ọ̀rọ̀ tí káfíńtà náà kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ ní ilé ìwòsàn nìyẹn, tòun ti bó ṣe ṣígbọnlẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó mú tìmùtìmù kékeré méjì tó rin fún omi, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú orí ara rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ tí wáyà wọn so mọ́.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo ti kú?"

Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tuntun nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ti bá a wí títí, kò gbọ́. Ó ní òun ò ní fi ohun tí òun ò lè fi sórí ara òun sórí ọmọ ọlọ́mọ.

"Iná kékeré ni," ó ní. "Ó máa rìn yín lára bí èèrà ni. Kì í lé ìbẹ̀rù lọ o. Ó kàn ń jẹ́ kí ọpọlọ tètè gba ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gun ìyẹn." Ó nàka sí àkàbà tó fara ti ògiri. Òógùn bo káfíńtà.

Òrùlé ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àmọ́ láti ọjọ́ tí igi òrùlé ti dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tó sì já bọ́ láti òkè, kò lè dúró lórí àpótí mọ́. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn, ojú sì ń tì í.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì á tan iná, á di àkàbà mú, á máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan àjà, ó gbá a pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, ó sì yínmú.

"Ta ló kan àjà yìí fún yín? Kò mọṣẹ́!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ọkùnrin náà kọjá bó ṣe yẹ kí inú nọ́ọ̀sì dùn. Ìfẹ́ ti wọlé.

"Adúmáadán mi," káfíńtà ní lọ́jọ́ kan, "wá bá mi lọ rí ìyá mi."

Aránṣọ ni ìyá náà. Kò tilẹ̀ gbé orí kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé iná sí ọmọ mi lórí, ẹ wá ń sọ pé ó fẹ́ràn yín? Bí ẹ bá gbé iná sí igi lórí, òun náà á níyàwó!"

Inú bí káfíńtà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún nọ́ọ̀sì lọ́kàn. Lóòótọ́, ọpọlọ tí iná wà lórí rẹ̀ ń yára kẹ́kọ̀ọ́. Ohùn ta ló sì ń gbọ́ nígbà yẹn?

"Olówó orí mi, bó bá jẹ́ pé iná ló kọ́ ẹ láti nífẹ̀ẹ́ mi ńkọ́?" ó ní. "Lọ parí ìtọ́jú ẹ lọ́dọ̀ Bàbá. Bí ìfẹ́ bá ṣì wà lẹ́yìn náà, o mọ ọ̀nà."

Bàbá ni àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀, apárí tí kì í fi áásà sílẹ̀. Káfíńtà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni láti gbàgbé ìbẹ̀rù wá ń fara pa mọ́ bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ káfíńtà lọ́ọ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìtọ́jú parí, káfíńtà fa Bàbá lọ́wọ́ wá síwájú nọ́ọ̀sì.

"Bí iná bá ń múni nífẹ̀ẹ́, bàbá yìí ni ǹ bá gbé níyàwó. Ohùn wọn ni mo ń gbọ́, áásà wọn ni mo ń fín. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ wọn!"

"Èmi náà ò fẹ́ ẹ," Bàbá dáhùn, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún ayọ̀.

Ilé ìwé ńlá kan ni káfíńtà kọ́kọ́ gbà láti kan òrùlé rẹ̀. Ó ní kí ìyá òun àti nọ́ọ̀sì wá wò ó. Ìyá wá, àmọ́ ẹ̀yìn ló kọ sí ilé náà.

"Mà, ẹ yíjú padà," nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò lè wò ó," ìyá ní. "Kì í ṣe ìfẹ́ yín ni mò ń bá jà, ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó ń ha ilẹ̀kùn kò lè já bọ́. Ìwọ lo fẹ́ gbé e padà sókè."

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà. Àmọ́ okùn wà ní ìbàdí rẹ̀, ó sì mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

"Ẹ̀rọ yín ọ̀hún dà?"

"Mi ò gbé e wá. Ọwọ́ mi nìkan ló wà."

Ìyá di ọwọ́ náà mú, ó sì yíjú padà. Ọmọ rẹ̀ nàró ṣánṣán lórí òrùlé, òòlù lọ́wọ́. Ìyá wò ó títí. Ẹnì kan ń kọjá lọ, ìyá fa onítọ̀hún láṣọ.

"Ẹ wo ọkùnrin yẹn! Èmi ni mo bí i!"

Káfíńtà rí wọn. "Ìyá mi, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ wá ṣe nílẹ̀?" ìyá kígbe. "Fara balẹ̀, kan òrùlé ẹ dáadáa. Ìyàwó ẹ wà lọ́dọ̀ mi níbí!"