Ọwọ́ Ìyá Àgbà Lára Ọṣẹ

Ẹ súnmọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó ń tẹ fóònù kó fi sápò. Ẹ jókòó kí èjìká kan èjìká, torí pé ìtàn yìí máa ń mú kí ara èèyàn tutù, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ wọ ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà ti pọ́n, ó ń yún un. Obìnrin náà gbé ọṣẹ kan lé orí tábìlì. Ó ní òun ò bá ìjà wá o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá wọn ti jó ọmọ òun lára.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ mú ọṣẹ náà. Àtẹ́lẹwọ́ òsì kan wà lára rẹ̀, ìka àárín sì kúrú bí ẹni pé wọ́n ké e. Ọwọ́ ìyá tó bí i ni. Ẹ̀rọ ló gé ìka yẹn nígbà tí ìyá àgbà wà lọ́mọge. Kó tó kú, wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú amọ̀, wọ́n sì fi gbẹ́ òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó le, wọ́n á sì máa kọrin:

"Ọwọ́ ta ló wẹ̀ mí?
Ọwọ́ ìyá ni.
Ó wẹ̀ mí tán, kò lọ,
Ọwọ́ ìyá ni."

Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé, abẹ́ ìrọ̀rí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló sì ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ti ṣe ọṣẹ kankan, torí sóódà tí wọ́n fi ń po ọṣẹ kò sí lọ́jà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbóòórùn ọṣẹ náà títí, kì í ṣe òórùn ọṣẹ tiwọn. Ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọwọ́ màmá mi nìyí. Èmi kọ́ ni mo sì gbé e síbẹ̀. Ta ló ń bá òkú ṣiṣẹ́?"

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni oníbàárà kan ti kìlọ̀ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ pé kó lọ forúkọ àmì ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé tòun ni. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò jí ọwọ́ òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wí i léraléra, ó gbà. Òun ò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n fi tàdáwà kun òǹtẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ ìyá àgbà sórí ìwé náà. Ìyá wá ní kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ọ́fíìsì, kó sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́.

Ọmọ jáde. Ní kọ́nà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti múra, wọ́n ń lọ síbi ọjọ́ ìbí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ wo lọ́yà ọlọ́ṣẹ, wọ́n ní kó tó tò tán lọ́hùn-ún, wọn á ti gbálẹ̀ ijó. Ṣọ́ọ̀bù Atẹ̀wé, ọkùnrin tó ń bá wọn tẹ bébà tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ, wà níbẹ̀ gan-an. Ó yọjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun náà ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn, kí ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun kó lọ ṣeré. Ọmọ fi í sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, pé ìwé ẹ̀rí ń bọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń yún yẹn wá ni ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó rí i nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan, ọṣẹ ìlà mẹ́wàá, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí títì bíi ti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Ó yà sí àdúgbò mìíràn, ọwọ́ náà wà lára ògiri, ó ga tó ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kan kọjá, ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jìnnà lọ bí ẹni tó ń juwọ́ pé ó dìgbà. Kódà níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ọṣẹ kan ti yọ́ débi pé ìka kúkúrú yẹn nìkan ló kù, ó nà sí i ní tààrà.

Nílé ńkọ́? Àwọn oníbàárà ti ń gba òdì kejì títì kọjá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi aṣọ funfun wé òǹtẹ̀, á jókòó tì í, á máa bi ìyá rẹ̀ tó ti kú pé kí lòun ṣe, tó fi jáde nílé lọ ń jó ọmọ ọlọ́mọ lára.

Ìgbà tó yá, sóódà dé. Wọ́n po ọṣẹ, ìyá ní kí ọmọ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ àkọ́kọ́, ó gbé òǹtẹ̀ kúrò, ó sì gbé ọwọ́ òsì ara rẹ̀ sínú ojú ọwọ́ náà. Ó gbóná. Ọṣẹ tuntun máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ọmọ ọlọ́ṣẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé èèyàn dì í lọ́wọ́ mú. Ìka bá ìka mu, àtẹ́lẹwọ́ bá àtẹ́lẹwọ́ mu, ìka àárín tirẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. "Màmá, kì í ṣe ìyá àgbà. Èmi ni. Mi ò dé ọ́fíìsì yẹn. Atẹ̀wé ni mo kó fọ́ọ̀mù náà fún."

Ọṣẹ ń le lọ nínú pákó tí wọ́n dà á sí. Ìyá rẹ̀ wé gèlè. "Dìde. Ibi tí o ò dé lọ́jọ́sí, a ó dé ibẹ̀ lónìí."

Ní ọ́fíìsì, obìnrin akọ̀wé kan tó lo awò ojú ṣí ìwé ìkéde. Ọwọ́ ìyá àgbà nìyẹn, orúkọ Atẹ̀wé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣé òun ló fi ọwọ́ tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ burúkú. Akọ̀wé ṣàlàyé pé àwọn ti kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀, pé ọ̀la sì ni gbèdéke. Tí ọ̀la bá kọjá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò kọ̀ fún láti tẹ ọwọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ ọṣẹ. Ìyá ní àwọn náà ti kọ fọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀, akọ̀wé wá béèrè ẹni tó gbé e jáde nílé wọn. Ìyá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí, ṣùgbọ́n ọmọ ṣáájú rẹ̀. "Èmi ni, mà. Mo purọ́ fún màmá mi."

Wọ́n fún un ní ìwé. Ó kọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé gbogbo kíláàsì á gbọ́.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ti ń sá tẹ́lẹ̀ kó ọṣẹ àtijọ́ àti bébà rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ àpótí. Atẹ̀wé ní ọmọ náà ló fún òun. Akọ̀wé bi í pé ọwọ́ ta ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwòrán lásán ni, mà. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà dìde, ó ní ọwọ́ yẹn ló wẹ òun lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun. Wọ́n yọ orúkọ Atẹ̀wé, wọ́n sì kọ ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Ọmọ ò lọ láìjìyà o. Ilé dé ilé ló ń kiri, ó ń gba ọṣẹ burúkú yẹn padà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn kan ò ṣí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bá jẹ́ tiyín, ẹ kọ orúkọ sí i kí olè tó kọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín jẹ́ ẹ. Tí irọ́ bá sì ti bọ́ lẹ́nu, ẹ sọ òtítọ́ kí gbèdéke tó kọjá.

Lọ́jọ́ tí ìwé ẹ̀rí dé, Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáná, Ẹsẹ̀-ò-gbélé bu oúnjẹ fún gbogbo ẹni tó jẹ́rìí. Ọmọ ọwọ́ yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jinná, mu ọmú títí ó fi sùn lọ. A jẹ, a yó, a nu ẹnu, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ tòun ti orin lẹ́nu.