Fóònù Tí Kò Ní Bátìrì

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, n kò ní bá a jiyàn. Kó ṣáà má yọ bátìrì inú fóònù rẹ̀ wò.

Káfíńtà kan ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá sílé rẹ̀ láti bímọ, oyún náà sì ti pé oṣù. Ẹ̀rù ń ba bàbá yìí. Ojú fóònù ńlá tó ń lò ti fọ́, ìyẹ̀fun pákó ti dí i lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ ìrẹ́pákó bá ti ń ké, kò ní í gbọ́ ọ. Bí ìrọbí bá wá dé ńkọ́?

"Bàbá, ẹ lọ ra èyí tó ń dún," ni ọmọ wí láàárọ̀. "Ẹ fi ti fáàrí sílẹ̀."

Ọ̀sán gangan ló dé ìsọ̀. Obìnrin tó ń ta fóònù to àwọn kéékèèké síwájú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe, Bàbá?"

"Kí n pè, kí wọ́n pè mí."

"Ẹ ò ní wo fíìmù?"

"Fíìmù wo? Èmi tí n kò rí ìṣó mọ́!"

Ó ń gbé wọn wò bí ẹni tó ń yan pákó. Bọ́tìnì èyí kéré jù fún àtàǹpàkò rẹ̀. Ìyẹn fúyẹ́ jù, yóò bọ́ lápò láìmọ̀. Ó wá gbé dúdú kan tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ó mú un dání dáadáa.

Fóònù náà dún. Ó gé. Ó tún dún, ó gé. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó lóhùn," ni káfíńtà wí.

Obìnrin náà gbà á, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí síìmù. Kò sí bátìrì. Bátìrì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí, nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì já.

Káfíńtà ka dídún náà: ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, bí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fi fóònù fílááṣì rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó máa bọ̀ nílé. "Mò ń bọ̀," lòun náà yóò sọ sáfẹ́fẹ́, yóò sì máa rẹ́ pákó lọ títí oúnjẹ yóò fi tutù. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ àmì yìí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú òmíràn."

"Èyí náà ni."

Ó fi fóònù sápò òsì, ó fi bátìrì sápò ọ̀tún. Lọ́jọ́ yìí, kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó sáré ni.

Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ yàrá, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Fóònù rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

"Bàbá, ta ló pè yín?"

Ó gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì yọjú. "Ọkùnrin ni. Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ ó gbé e."

Bàbá sunkún ayọ̀, kò tijú. Ilẹ̀kùn padé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Àpò òsì rẹ̀ dún. Ó gé. Ó dún, ó gé. Ó dún, ó gé.

Ó fọwọ́ kan àpò ọ̀tún. Bátìrì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀. "Mò ń bọ̀" fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀; ó yára gbé e mì.

"Ìyá ọmọ mi," ó rọra wí, "ṣe sùúrù díẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ yìí."

Fóònù náà dákẹ́. Nínú yàrá, ọmọ tuntun ké.

Káfíńtà ti ra fóònù mìíràn tó ń fi pè. Dúdú yẹn wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láìní bátìrì. Bó bá ń rẹ́ pákó, ó máa ń pa ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì tẹ́tí.