Ahun Ọlọ́gbà Lí

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni Kuang-yu fi kọ́kọ́ bú mi. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sí oríta Tungshih, ìlú wa, ó ń ta lí, èso olómi tó jọ ápù, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé inú ọgbà mi lórí òkè.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá ra lí tó dùn! Ẹ má ra ti Shao-wen. Ó le koko bí ojú ẹni tó gbìn ín!"

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní, "Pa á."

"Kí n pa kí ni?"

"Ẹ̀rọ ẹ. Ẹnu ẹ náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gun òkè wá bá mi jà: lórí ojú ọ̀nà, lórí ajá mi, lórí apẹ̀rẹ̀ kan tó ní mo gbé. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé mo ti mọ ìró ọkọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè.

Ìyá àgbà, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n sì ni ọgbà náà, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wò wá. Ara wọn ò yá mọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé àwọn ò ní fi ọgbà sílẹ̀ fún ẹni tó dá wà, torí igi lí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí mi ò bá ní ẹnìkejì kí ìkórè tó parí, Po-chun, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni yóò gbà á. Ó ti ya àwòrán ilé ìtura tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Gbogbo igi ni yóò hú.

Lọ́jọ́ kan Ìyá àgbà bi mí pé, "Shao-wen, ṣé ọlọ́kọ̀ aláriwo yẹn ni?"

"Ni kí ni, Ìyá àgbà?"

"Olólùfẹ́ ẹ. Ahọ́n àti eyín ló ń jà, torí inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé."

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkùnrin bíi tèmi ni ọkàn mi ń fà sí. Mo wo àwọn igi mi, mo parọ́. Mo ní òun ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Kuang-yu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ látorí ọkọ̀.

"Èmi, àfẹ́sọ́nà ẹ? Ìwọ tí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn?"

"Títí a ó fi kórè tán. Ìwọ ni máa kọ́kọ́ fún ní èso tó dáa jù láti tà."

"Èmi ni máa ṣà á fúnra mi."

"Ṣà á. Ṣáà dákẹ́."

"Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn wa, olólùfẹ́."

Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ń wá ràn mí lọ́wọ́ láti fi bébà wé èso lórí igi, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Wíwé tirẹ̀ máa ń wọ́. Mo máa ń tú u, mo sì tún un wé. Ó ń kọrin, mo ń bínú. Ó ń pe ajá mi ní ọmọ wa. Ó mọ oògùn Ìyá àgbà jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ kó wá, mo rí i pé mo ń retí ariwo rẹ̀, mo sì bú ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìkórè, gbogbo ẹbí jókòó ti oúnjẹ. Po-chun gbé lí ńlá kan síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, àkọ́so rèé. Ẹ̀yin àti ẹni yín."

Ọwọ́ mi tó fẹ́ràn ètò lọ bá ọ̀bẹ. Mo là á sí méjì ọgbọọgba, mo na ìdajì sí Kuang-yu.

Lí là ń pe èso yìí lédè wa. Lí náà là ń pe ìpínyà. Ọmọ ọdún mẹ́rin nílùú wa mọ̀ pé olólùfẹ́ méjì kì í pín lí jẹ. Ìyá àgbà gbé igi tí wọ́n fi ń jẹun sílẹ̀. Po-chun ń rẹ́rìn-ín sínú ọbẹ̀.

Kuang-yu dìde, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Mo gbàgbé ni."

"Ìwọ? Ìwọ tó mọ iye ewé orí igi? Ohun tó wà lọ́kàn ẹ lọwọ́ ẹ ṣe."

"Eré kúkú là ń ṣe."

"Ìwọ nìkan lò ń ṣeré, Shao-wen."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà, mi ò gbọ́ gbohùngbohùn. Òkè dákẹ́ bí mo ṣe ń fẹ́ kó dákẹ́ látijọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì fẹ́ pa mí. Láàárọ̀ ọjọ́ keje, Ìyá àgbà ránṣẹ́ pe Po-chun pé kó mú àwòrán rẹ̀ wá. Mi ò dúró. Mo fẹ́ràn Kuang-yu, òun sì ni mi ò tíì sọ ọ́ fún. Mo ká lí tó tóbi jù, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí oríta.

"Torí ọgbà lo ṣe wá," ó ní.

"Kí Po-chun máa gba ọgbà lọ."

Mo gé lí náà jẹ lójú rẹ̀, tèèpo tèèpo. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, èmi tí mo kórìíra ìdọ̀tí. Ó wò mí títí.

"Fún mi díẹ̀."

"Rárá."

"Ẹnu kan péré."

"Títí a ó fi kú, o ò ní jẹ nínú lí mi."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó mú gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará Tungshih, ẹ wá wo ahun! Ó ń jẹ lí lójú mi, kò fún mi tọ́ wò!"

Àwọn ìyá tó ń ra èso bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà gbọ́ ọ lókè. Kí àwa méjèèjì tó délé, wọ́n ti ní kí Po-chun ká àwòrán rẹ̀, kó máa lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, Ìyá àgbà sì ṣe ẹlẹ́rìí. A ṣì ń jà lórí bébà tó wọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, lí méjì ni mo máa ń gbé kalẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì máa ń na ọwọ́ sí tèmi. Mo máa ń gbá a lọ́wọ́.